Iṣu Tuntun Tí Ìbílọlá Kò Lè Jẹ

Òótọ́ tó ti pẹ́ nínú Ìbílọlá Fámúrewá ti jáde báyìí, ẹnu òun fúnra rẹ̀ ló sì gbà jáde, lójú ẹbí rẹ̀ ní Ọ̀kà Àkókó, láàárọ̀ ọjọ́ iṣu tuntun. A ò ní fi òwe yí i lórí. Òwe dára fún ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tí kò fẹ́ kó dun ẹnikẹ́ni, èyí sì gbọ́dọ̀ dun èèyàn. Ohun tí Ìbílọlá ṣe ni pé ó sọ ọmọ àbúrò rẹ̀ di ẹni tí kò lè jí láàárọ̀ láìmu oògùn. Nígbà tí ìyá ọmọ náà wá ń wá ibi tí wọ́n á ti tọ́jú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, Ìbílọlá mọ ibẹ̀, ó sì dí ọ̀nà rẹ̀. Èyí tó burú ju méjèèjì lọ ṣì wà níwájú.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé ẹni tí kì í ṣe ará ilé, ó yẹ kó mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ iṣu tuntun ní agbo ilé Fámúrewá. Kò sẹ́ni tó ń fi iṣu náà sẹ́nu lásán níbẹ̀, ì báà jẹ́ Mùsùlùmí, ì báà jẹ́ onígbàgbọ́, ì báà jẹ́ ẹni tí kì í lọ síbì kankan. Olórí ilé, tó jẹ́ Bàbá Fágbénró nísinsìnyí, á la iṣu sísun lórí ewé, á gbé ọ̀bẹ tó fi là á lélẹ̀. Olúkúlùkù á wá lọ́kọ̀ọ̀kan, á fọwọ́ kan èèkù ọ̀bẹ náà, á wí pé, “Inú mi mọ́ sí ará ilé yìí, n kò fi nǹkan kan pamọ́ fún wọn.” Ẹni tó bá lè wí i á gba ìbù tirẹ̀, á jẹ. Ẹni tí kò bá lè wí i á kọ́kọ́ lọ yanjú ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá fi irọ́ gbé iṣu náà mì, ikùn rẹ̀ ò ní gbà á. Bóyá òótọ́ ni, bóyá irọ́ ni, kò tíì sí ẹni tó dán an wò. Ìbílọlá náà ò dán an wò. Láti ọdún tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ Akíndèjì, ọmọ àbúrò rẹ̀, ló ti ń sọ fún ará ilé pé dókítà ní òun ní àtọ̀gbẹ, pé òun ò gbọdọ̀ fẹnu kan iṣu mọ́, tuntun tàbí ògbólógbòó.

Ará ilé gbà á gbọ́. Wọ́n tilẹ̀ gbà á gbọ́ jù. Déwùnmí, ìyá Akíndèjì, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà, ń fi èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Olúyọmí tó jẹ́ àbíkẹ́yìn ìyá wọn ń fún ewúro sínú ìgò fún un, á sì dúró tì í títí á fi mu ún tán. Ìbílọlá ní omi ewúro tí òun mu nítorí àìsàn tí kò ṣe òun, bí wọ́n bá dà á jọ, á kún àgbá. Ó ní nígbà mìíràn òun á máa mu ún, òun á máa sọ nínú ara òun pé, “Mu ún, èyí tí o fún ọmọ ọlọ́mọ korò jù báyìí lọ.”

Ìfẹ́ Olúyọmí yìí ló sì tú àṣírí. Láàárọ̀ ọjọ́ iṣu tuntun ọdún yìí, ó mú obìnrin elétò ìlera kan wá láti Ìkàrẹ́, Raliat lórúkọ rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Ó ní kó wo gbogbo àgbààgbà ilé, ṣùgbọ́n kó bẹ̀rẹ̀ lára ẹ̀gbọ́n òun. Ìbílọlá ní òun ti jẹun. Raliat ní kò burú. Ìbílọlá ní ọwọ́ òun ò mọ́. Raliat fi òwú nù ún fún un.

Olúyọmí ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, abẹ́rẹ́ tí kò tó ẹ̀gún lẹ ń bá fà á bí ọmọ iléèwé.”

Wọ́n gún un. Ẹ̀rọ náà dún. Raliat wò ó, ó tún un ṣe lára ìka mìíràn, ó wá gbójú sókè. “Màmá, dókítà wo ló sọ pé ẹ ní àtọ̀gbẹ?”

“Dókítà kan ni.”

“Ó yẹ kẹ́ ẹ padà lọ bá dókítà kan yẹn. Pẹ̀lú bí ẹ ṣe jẹun tán yìí, ṣúgà yín ò ga rárá. Tèmi ga jù ú lọ. Bẹ́ ẹ bá rí iṣu, ẹ jẹ ẹ́.”

Olúyọmí bú sẹ́rìn-ín, ó fò sókè, ó ní ewúro òun ti ṣiṣẹ́, pé òun á bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Gbogbo agbo ilé ń rẹ́rìn-ín. Déwùnmí gbé abọ́ epo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó dì mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́rùn. Láàárín ẹ̀rín yẹn ni Raliat ń wo Ìbílọlá, tó ní, “Màmá, ojú yín jọ ojú tí mo mọ̀. Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ máa ń ta paraga létí ibùdó àwọn ọlọ́kadà ní Ìkàrẹ́?” Kí Ìbílọlá tó dá a lóhùn, Bàbá Fágbénró ti ń pè é láti ibi tí iṣu wà. “Ìbílọlá, wá síbí. Iṣu ti ń pè ọ́ láti ọdún mélòó kan.”

Ó lọ. Ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ kan èèkù ọ̀bẹ. Ó la ẹnu. Kò sẹ́ni tó mú un, kò sẹ́ni tó fura. Raliat kò mọ ju ojú rẹ̀ lọ. Ó kàn nílò kó sọ ọ̀rọ̀ tí kò gùn, kó jẹ ìbù iṣu kan, kó sì kú sínú irọ́ rẹ̀ bí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe. Ó mú ọwọ́ kúrò lórí ọ̀bẹ. Ó ní, “N kò lè wí i.”

Bàbá Fágbénró ní, “Ta lo bínú sí?”

“N kò bínú sí ẹnìkankan. Èmi ló yẹ kí wọ́n bínú sí.” Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó yí ojú sí ibi tí Akíndèjì jókòó sí lórí bẹ́ǹṣì, tí ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ fara ti ògiri. “Oògùn tó gba ẹsẹ̀ rẹ, ọwọ́ mi lo ti kọ́kọ́ mu ún. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má dá mi dúró, torí bí mo bá dúró n kò ní lè tún bẹ̀rẹ̀.”

Ó ní kí wọ́n má ṣe bá òun pe èṣù sí i, torí èṣù ò bá òun lọ sọ́jà. Paraga ni òun ń tà ní Ìkàrẹ́ lóòótọ́, òun ló sì ń rẹ egbòogi sínú ògógóró fúnra òun, egbòogi gidi, èyí tí ìyá wọn kọ́ òun. Àwọn ọlọ́kadà ń mu ún láàárọ̀ kí wọ́n tó gun ọ̀kadà, wọ́n ní ó ń gba òtútù lára àwọn. Nígbà tó yá, obìnrin kan gbé tábìlì sí òdìkejì títì, àwọn oníbàárà òun sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọdá. Òun bi Yínúsà, ọlọ́kadà kan tó máa ń ṣe àwàdà, pé kí ni wọ́n rí lọ́hùn-ún. Yínúsà ní, “Màmá, tiyín ń ṣe bí àgbo. Tiyẹn ń ṣe bí ẹ́ńjìnnì. Téèyàn bá mu ún, ẹ̀yìn ò ní dùn ún, oòrùn ò ní pa á, kódà bí ìyàwó bá ń bú u kò ní gbọ́.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun ti mọ ohun tó ń ṣe bí ẹ́ńjìnnì. Tíramádọ́ọ̀lù ni, oògùn ara ríro tí wọ́n ní kí wọ́n má máa tà láìsí ìwé dókítà. Òun náà rí ẹni tó ń tà á lábẹ́ aṣọ. Òun lọ̀ ọ́, òun dà á sínú ìgò kan, òun fi okùn pupa so ìgò náà lọ́rùn kó má bàa dà pọ̀ mọ́ ìyókù. Ó ní, “Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Mo so okùn pupa mọ́ ọn kí èmi fúnra mi má bàa ṣèèṣì mu ún. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé n kò mọ̀.”

Akíndèjì ló ń gbé e láti Ọ̀kà lọ sí Ìkàrẹ́ lójoojúmọ́ nígbà náà, òun náà ló ń gbé e padà. Ọmọ dáadáa ni, kò mutí, kò fa sìgá. Ní ọjọ́ kan tí òjò rọ̀, ọ̀kadà rẹ̀ yọ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Ọ̀kà, ó fi ẹ̀yìn balẹ̀. Lẹ́yìn náà kò lè jókòó pẹ́ lórí ọ̀kadà mọ́. Ìbílọlá ní òun rò pé bí ẹ̀yìn rẹ̀ ò bá dúró, ta ni yóò máa gbé òun. Òun tú okùn pupa, òun bu díẹ̀ fún un. Kò pẹ́ tí ara rẹ̀ fi balẹ̀. Ó ní, “Màmá Ìkàrẹ́,” bó ṣe máa ń pe òun, “ẹ̀yin nìkan lẹ mọ oògùn ní gbogbo Àkókó yìí.” Láti ọjọ́ yẹn kò ní gbéra láàárọ̀ bí kò bá tíì mu ún. Ìbílọlá ní, “Òun nìkan ni n kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ọmọ mi ni. Ẹ wo bí mo ṣe ṣe ọmọ mi lóore.”

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, ará ilé mọ̀ ọ́n, kò pẹ́ lórí rẹ̀. Bí Akíndèjì ò bá tíì mu nǹkan, á máa làágùn, á máa gbọ̀n, á máa yàgbẹ́ bí aláìsàn onígbáméjì. Ọ̀kadà lọ. Aṣọ ìyá rẹ̀ lọ. Páànù tí wọ́n fẹ́ fi bo ilé ìdáná lọ. Bí wọ́n bá bi í pé níbo ló ti ń rí i mu, á ní ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́. Kò dárúkọ ẹnìkankan, torí ẹni tó bá tú orísun omi kò ní rí omi mu mọ́. Déwùnmí bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí wọ́n á ti tọ́jú rẹ̀. Ó dé ilé aládàáni kan ní Àkúrẹ́. Iye tí wọ́n pè fún un, kò lè sunkún, ẹ̀rín ló rín. Ó délé, ó ní, “Bí mo bá ní irú owó yẹn, èmi náà ì bá ti máa mu oògùn.” Ó wá ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ wà láàárín èrò ní Ìkàrẹ́. Ẹ bá mi béèrè. Ibì kan gbọ́dọ̀ wà tí ìjọba ti ń ṣe é fún tálákà.”

Ìbílọlá ní òun ò tilẹ̀ nílò kí òun béèrè. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni obìnrin elétò ìlera kan wá bá àwọn ọlọ́kadà sọ̀rọ̀ ní ibùdó wọn. Ó tọ́ka sí Raliat. “Òun nìyí. Ojú mi tó mọ̀, ọjọ́ yẹn ló mọ̀ ọ́n.” Raliat sọ fún wọn pé ilé kékeré kan wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn ìjọba, tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tí oògùn ti dè. Ó ní lọ́jọ́ Ọjọ́rú ni wọ́n ń jókòó, pé owó káàdì nìkan ni wọ́n ń gbà, pé wọn kì í fi ọlọ́pàá mú ẹnikẹ́ni, pé ẹni tí tirẹ̀ bá le jù, wọ́n á fún un ní bẹ́ẹ̀dì títí gbígbọ̀n náà á fi lọ. Ó ní kí olúkúlùkù mú ẹnìkan láti ilé rẹ̀ dání, torí wọ́n á bi aláìsàn ní ọ̀rọ̀, wọ́n á sì bi ẹni tó mú un wá. Ìbílọlá pè é síwájú tábìlì òun, ó ní, “Ọ̀rọ̀ wo ni wọ́n máa ń béèrè?” Wọ́n ti ń pe Raliat níbòmíràn. Ó ní, “Gbogbo ohun tó bá yẹ kí wọ́n mọ̀ ni, màmá,” ó sì lọ. Bẹ́ẹ̀ ni Ìbílọlá fi ẹ̀rù ara rẹ̀ parí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní kí ló tún lè jẹ́, bí kò ṣe ta ló ń tà á fún ọ. Ìgò olókùn pupa wà lábẹ́ tábìlì, ní ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó délé, ó sọ fún Déwùnmí pé, “Ibẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ wọlé, àtìmọ́lé ló ń gbà jáde. Àwọn ọlọ́kadà fúnra wọn ló sọ fún mi.” Déwùnmí sunkún. Ìbílọlá ní òun fi etí gèlè òun nu ojú rẹ̀. Ó ní, “Mo nù ún dáadáa.”

Òun náà ló mú ìmọ̀ràn ilé àdúrà kan wá, lójú ọ̀nà oko lẹ́yìn Ìkàrám, tí wọ́n ti ń de èèyàn mọ́lẹ̀ títí ẹ̀mí búburú á fi jáde. Ibẹ̀ jìnnà, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n níbẹ̀, àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀ sì ń sọ èdè ìlú wọn láàárín ara wọn, tí Akíndèjì ò gbọ́. Wọ́n fi ṣẹ́ẹ̀nì dè é ní ọrùn ẹsẹ̀ mọ́ ìdí igi. Nígbà tí Ìbílọlá kọ́kọ́ lọ wò ó, ó ń gbọ̀n, itọ́ ń yọ lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ní, “Màmá Ìkàrẹ́, ó ti ń fi mí sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá délé, n ó sọ ohun tó wà nínú ìgò yẹn fún màmá mi. Wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀, kí ọmọ ẹlòmíràn má bàa mu ún.”

Níbẹ̀ ni ohùn Ìbílọlá ti yí padà. Bàbá Fágbénró ní kí wọ́n bu omi fún un. Ó kọ̀ ọ́.

Ó ní, “Ní ìrìn àjò tó tẹ̀ lé e, mo po ògì. Déwùnmí fún mi ní ṣúgà àti mílíìkì pé kí n fi sí i, kí ọmọ rẹ̀ lè rí agbára. Mo fi ṣúgà sí i. Mo fi mílíìkì sí i. Mo lọ oògùn yẹn kúnná, mo dà á sí i, mo rò ó pọ̀, mo dé fíláàsì. Mo gbé e lórí itan mi nínú mọ́tò láti Ìkàrẹ́ títí dé Ìkàrám, ó sì gbóná sí mi lára ní gbogbo ọ̀nà. Mo fi ọwọ́ mi fún ọmọ yìí mu nínú ṣẹ́ẹ̀nì. Ó mu ún, ara rẹ̀ balẹ̀, kò tún sọ̀rọ̀ ìgò mọ́. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ó bá ti fẹ́ bọ́ lára rẹ̀, mo ti dé pẹ̀lú ògì. Bí mo bá sì lọ, tí ó ṣá lára rẹ̀, á ya wèrè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn yẹn á sì fi ṣẹ́ẹ̀nì mìíràn kún ti àkọ́kọ́. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé bó bá tilẹ̀ sọ̀rọ̀ mi, wọ́n á ní wèrè ló ń sọ ọ́.”

Ó ní Abọ́dẹrìn, ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀, máa ń sin òun dé ibi tí mọ́tò ń dúró sí, á ní, “Màmá, àdúrà yín lágbára. Bẹ́ ẹ bá ti dé ni ẹ̀mí yẹn máa ń dákẹ́.” Abọ́dẹrìn fi ránṣẹ́ sí Déwùnmí bẹ́ẹ̀. Déwùnmí kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní kó jọ̀ọ́, kó túbọ̀ máa lọ. Lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀nì méjì yẹn ni egbò ti mú ẹsẹ̀ Akíndèjì. Nígbà tí Déwùnmí fúnra rẹ̀ fi máa dé ibẹ̀, tó tú aṣọ tí wọ́n fi wé e, òórùn ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìkàrẹ́, wọ́n ní ẹsẹ̀ ò ṣeé gbà là mọ́.

Ibẹ̀ náà ni àwọn tó ń wẹ egbò rẹ̀ ti rí i pé oògùn wà lára rẹ̀, wọ́n sì pe àwọn ará ilé kékeré yẹn, ibi tí Ìbílọlá ti dínà rẹ̀. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀, lórí owó káàdì, ó sì bọ́. Ní àsìkò yẹn, nọ́ńbà kan tí Ìbílọlá ò mọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pè é. Ó rò pé ọlọ́pàá ni. Kò gbé e. Nígbà tí ìpè náà ò dáwọ́ dúró, ó yọ síìmù, ó sọ ọ́ sínú gọ́tà. Ó da ìgò olókùn pupa nù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀pà. Ó ní kí wọ́n má pe ìyẹn ní ìrònúpìwàdà. Ẹ̀rù ni. Yínúsà àti àwọn ìyókù kàn sọdá títì ni, wọ́n ń mu ti òdìkejì.

Ó wá dojúbolẹ̀, ó ní, “Déwùnmí, Akíndèjì, ẹ foríjì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, mo mọ ìdí rẹ̀.”

Déwùnmí kò pariwo. Abọ́ epo ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, “Ṣúgà yẹn. Ọwọ́ ara mi ni mo fi wọn ṣúgà yẹn fún yín.”

Akíndèjì ló sọ̀rọ̀. Ó ní, “Màmá Ìkàrẹ́, mo mọ̀.” Gbogbo orí yí sí i. “Ahọ́n mi ò kú. Ṣúgà ò lè bo nǹkan yẹn mọ́ ẹni tó ti ń mu ún tipẹ́.”

Olúyọmí bínú sí i. “O mọ̀, o wá ń mu ún?”

“Bùọ̀dá, ẹ ò tíì rí irú òùngbẹ yẹn rí. Mo ń retí ọjọ́ tí Màmá Ìkàrẹ́ ń bọ̀ ju bí mo ṣe ń retí màmá mi lọ. Bí mo bá sọ ọ́, ògì á dáwọ́ dúró. Nígbà tí mo wá bọ́ tán, ojú ń tì mí láti sọ pé mo mọ̀.” Ó yí padà sí Ìbílọlá. “Àwọn ará ilé kékeré yẹn, wọn ò béèrè ẹni tó tà á fún mi. Kò sẹ́ni tó béèrè. Wọ́n béèrè ohun tí mo ń mu, bó ṣe pọ̀ tó, àti pé nínú gbogbo èèyàn mi, ta ni kò tíì sá fún mi. Wọ́n ní ẹni bẹ́ẹ̀ ni àwọn fẹ́ kó máa tẹ̀ lé mi wá. Màmá mi ò lágbára láti wo ojú mi nígbà yẹn, ẹ̀yin nìkan lẹ ń wá ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀yin ni mo dárúkọ. Àwọn ló ń pè yín tí ẹ fi sọ síìmù nù.”

Raliat tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà ní, “Màmá, ọjọ́ yẹn ní ibùdó, ó yẹ kí n dúró dá yín lóhùn dáadáa.” Ìbílọlá mi orí, ó ní, “Má gbà lára ẹrù mi. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi gbé e.”

Bàbá Fágbénró ti gbé ìbù iṣu kan lọ́wọ́, kò mọ ibi tó máa gbé e sí. Ó ní, “Ẹni tó bá ti sọ ọ́ ti ṣe tirẹ̀. Ó ku ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Déwùnmí, ṣé kí n fún un?”

Déwùnmí wo iṣu náà pẹ́. Ó ní, “Iṣu á tún ta lọ́dún tó ń bọ̀, Bàbá.”

Bàbá Fágbénró dá ìbù náà padà sórí ewé. Ìbílọlá kò jẹ iṣu lọ́dún yìí náà, ṣùgbọ́n kò purọ́ àìsàn mọ́. Nígbà tó dìde, Akíndèjì ní, “Lọ́jọ́rú ni wọ́n ṣì máa ń jókòó. Yínúsà ń mu ti òdìkejì títì, ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n lórí ọ̀kadà. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ tà á fún un.”

Èyí ni Ìbílọlá ní kí wọ́n bá òun sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń gbọ́. Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ń so okùn mọ́ ìgò kan kí ẹ má bàa ṣèèṣì mu ún, ẹ ti mọ̀ pé májèlé ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tó ń mú kí ẹ̀yìn má dùn yín, ẹ̀yìn yín ṣì ń fọ́ lábẹ́ rẹ̀. Bí ọmọ yín bá sì ti kó sí i, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí lówó pọ́ọ́kú wà. Ẹ lọ béèrè fúnra yín ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ẹ má rán ẹlòmíràn. Ẹni tí ẹ rán lè ní ìgò lábẹ́ tábìlì.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, òjò ń ṣú ní Ìkàrẹ́ nígbà tí Ìbílọlá mú Yínúsà lọ sí ilé kékeré náà. Yínúsà ti pa àwàdà rẹ̀ tì. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Màmá, ṣé kò sí ọlọ́pàá?”

“Kò sí. Èmi ni mo purọ́ yẹn.”

Nọ́ọ̀sì kan jáde sí wọn. Ó kí wọn, ó wo ọwọ́ Yínúsà, ó wá wo Ìbílọlá. “Ẹ̀yin lẹ tẹ̀ lé e wá?”

“Èmi ni.”

“Ta lẹ jẹ́ sí i, màmá? Ìyá rẹ̀ ni, àbí àbúrò ìyá rẹ̀?”

“Rárá. Èmi ni mo kọ́kọ́ ta oògùn náà fún un.”

Nọ́ọ̀sì náà fa àga kan, ó fi sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí Yínúsà máa jókòó lé. Ó ní, “Ẹ jókòó. Àwa ò lè mọ ohun tó wà lára rẹ̀ bí a ò bá mọ ohun tó wà nínú ìgò. Ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ pò pọ̀ fún wa, àti bó ti pọ̀ tó.”

Ìbílọlá jókòó, ó sì sọ ọ́.